Ẹsẹ̀ Ẹṣin Tó Gbóná

Hánà Olówòkéré ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì kí ọ̀rọ̀ ẹṣin tó kàn án. Kò rí ẹṣin rí. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní Ayétòrò tiwa níbí, orí pákó la ń rìn láti ilé dé ilé, omi ló wà níwájú, omi ló wà lẹ́yìn. Ewúrẹ́ pàápàá, ọkọ̀ ló ń bá wọ̀lú. A mọ òwe ẹṣin dáadáa. Bí a bá fẹ́ gba ọmọ níyànjú, a ó ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ní ká fi ẹṣin ọ̀hún han òun, àfi ká lọ wá kàlẹ́ńdà.

Aránṣọ ni Hánà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ti lé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, tó lọ fìdí kalẹ̀ síbòmíràn. Apẹja ni Dáfídì, ọkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Olúwakóredé sì ni àkọ́bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Ìyá Kóredé. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn aránṣọ yòókù ni pé nínú àpótí òwú rẹ̀, lábẹ́ síìpù àti bọ́tìnnì, ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń wà níbẹ̀, ìtàn ló sì ń kọ sínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó dé, yóò kọ ìlà mẹ́rin. Bí òjò bá lé àwọn èèyàn mọ́lé, ó lè kọ odidi ojú ewé kan.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà ní Àkúrẹ́ tó máa ń ka ìtàn àwọn olùgbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ka ti Hánà. Ọ̀kan dá lórí ọkọ̀ tó dojú dé, èkejì dá lórí ìyá àgbà kan tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. A kí i títí ojú fi ń tì í, ìtìjú tó dùn ni. Nígbà tó múra láti fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́, Báyọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka ìtàn náà lórí rédíò, pè é lórí fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ nǹkan mìíràn fún wa,” ni Báyọ̀ wí. “Ọ̀rọ̀ omi ti ń pọ̀ jù. Àwọn olùgbọ́ á rò pé ẹ ò mọ nǹkan mìíràn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Hánà lára, nítorí lóòótọ́ ni kò mọ nǹkan mìíràn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ìgbọ́kọ̀dá. Tẹlifíṣọ̀n tó wà níbi tí wọ́n jókòó sí ń fi eré ẹṣin hàn. Àwọn ẹṣin náà ń sáré bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó wọn lẹ́sẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin sì tẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ kó tó gbọ́. Nígbà tó délé, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọ tálákà kan ní Òkè Ọya tó gba ẹ̀bùn eré ẹṣin mọ́ àwọn ọmọ olówó lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi kọ ọ́. Promise, olùkọ́ kan tó máa ń bá a tẹ ìtàn rẹ̀ sórí fóònù, fi í ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Báyọ̀ pè.

“Ìyá Kóredé, ẹ kọ ọ́ síbí pé nígbà tí ẹlẹ́ṣin fẹ́ yà sí apá òsì, ó di ìrù ẹṣin mú, ó tì í sí apá ọ̀tún.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Hánà dáhùn. Kò mọ ohun tó burú níbẹ̀. Ọkọ̀ omi tó ti ń gbé e sáré láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Báyọ̀ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Hánà gbọ́ tí ẹlòmíràn bi í nínú yàrá náà pé kí ló dé. Ó gbọ́ tí Báyọ̀ ka ibẹ̀ fún wọn, ó sì gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú, mà,” ni Báyọ̀ wí nígbà tó yá. “Ẹnu ni wọ́n ti ń darí ẹṣin. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, kẹ́ ẹ bi í léèrè, kẹ́ ẹ tún un kọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà gbọ́.”

Hánà pa fóònù. Etí rẹ̀ ń gbóná. Ọjọ́ méjì ni kò fi ṣí ìwé náà, kò sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Dáfídì. Ó ń rí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, nínú yàrá tí kò dé rí, tí wọ́n ń fi ìrù ẹṣin rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Promise bá a wá fídíò eré ẹṣin sórí fóònù. Hánà wò wọ́n títí. Fídíò fi eré hàn án, ṣùgbọ́n kò sọ bí ẹṣin ṣe ń rùn fún un, tàbí ohun tí wọ́n ń fún un jẹ láàárọ̀, tàbí ibi tí ẹlẹ́ṣin ń wò bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ti ń bá fóònù náà jà, Dáfídì gbójú sókè láti ara àwọ̀n tó ń tún ṣe.

“Ṣé o ò mọ̀ pé Bàbá Khalidat tó ń ta òwú fún ọ gbé Kàdúná rí?” ló wí. “Wọ́n ní ẹṣin ló ń tọ́jú níbẹ̀.”

Bàbá Khalidat ni Sùlèímánì, ọkùnrin gíga kan tó lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Ní Òde Ugbò ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí omi. Òwú, síìpù, rọ́bà àti bọ́tìnnì ló ń tà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ máa ń kó ẹja gbígbẹ àti edé lọ sí Òkè Ọya; nígbà tí Sùlèímánì di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó bá ọkọ̀ ẹja lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì padà fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó dé, ó mú ìyàwó bọ̀. Láídì ni orúkọ ìyàwó náà, bàbá rẹ̀ ló ni ibùso, ìyẹn ọgbà ẹṣin, tí Sùlèímánì ti ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ kó sọ̀rọ̀ ẹṣin láti ìgbà náà.

Nígbà tí Hánà bi í, kò dá rọ́bà tó ń wọ̀n dúró.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ìtàn ni mo fẹ́ kọ, sà. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.” Hánà wá sọ ọ̀rọ̀ ìrù ẹṣin fún un, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sùlèímánì wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kò dà bí ti àwọn ará rédíò. Ó fa àga kékeré kan sún mọ́ ọn.

“Jókòó,” ló wí.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà ni Hánà fi wọ ọkọ̀ lọ sí Òde Ugbò. Sùlèímánì kì í dá iṣẹ́ dúró. Bó ṣe ń dá oníbàárà lóhùn ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ó ní etí ẹṣin ni kéèyàn máa wò, kì í ṣe ojú rẹ̀: bí etí bá ti tẹ̀ sẹ́yìn, inú ń bí i nìyẹn. Ó ní bí eré bá ti le, ẹlẹ́ṣin gidi kì í jókòó sórí gàárì, irin tó so rọ̀ lára gàárì ló máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀, ìdí rẹ̀ á wà lókè, àyà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn ẹṣin. Ó sọ nípa èèrí ọkà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n ń fún wọn jẹ. Ó ní òórùn ẹṣin kò burú, koríko, òógùn àti awọ ló para pọ̀, àti pé títí di òní, bí òun bá ṣí páálí bàtà aláwọ tuntun, òun máa ń dúró díẹ̀ kí òun tó mú bàtà náà jáde.

Ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ ẹṣin wò. “Láràárọ̀, kí ohunkóhun tó kàn án lẹ́nu, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé pátákò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣan kan wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ, ewu wà níbẹ̀. Ẹṣin yẹn kò gbọ́dọ̀ sáré.”

Láídì máa ń gbé kúnú wá fún wọn mu. Ó ti gbọ́ èdè wa débi pé àlejò kì í mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ibí. Nígbà mìíràn yóò dúró díẹ̀, yóò tẹ́tí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ọmọ ìyá mi ọkùnrin, kò sí ẹṣin tó lè jù ú nù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó ti ń gùn wọ́n láìsí gàárì.” Lẹ́yìn náà ó gbé ife, ó wọlé.

“Níbo ni ọmọ ìyá wọn náà wà báyìí?” ni Hánà béèrè.

“Ó ti kú,” ni Sùlèímánì fèsì. “Eré ẹṣin ló pa á.”

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹfà, Láídì kò sí nílé. Khalidat, ọmọ wọn, ti bímọ ní Òkìtìpupa, ó sì lọ tọ́jú rẹ̀. Òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà. Hánà ní nínú ìtàn òun, ẹṣin kan gbọ́dọ̀ ṣubú láàárín eré, òun kò sì mọ bó ṣe máa ń rí. Sùlèímánì kó àwọn síìpù tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìsìmáílà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìyá Láídì,” ló bẹ̀rẹ̀. “Òun ló ń gun ẹṣin tí mò ń tọ́jú. Wálíkíyà la ń pe ẹṣin náà, ìyẹn mànàmáná. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mẹ́ta tutù. Ti iwájú lápá òsì gbóná. Kò gbóná púpọ̀. Mo tún un wọ́. Mo ní bóyá oòrùn ni, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì yọ. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kó sáré. Oṣù mẹ́rin la ti fi ń múra, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé àwa la máa gbà á. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìsìmáílà bi mí pé, ‘Ṣé ó dáa?’ Mo ní, ‘Ó dáa.’”

Ó mú síìpù kan, ó ṣí i, ó tún pa á dé.

“Ní ìyípo kejì ni ẹsẹ̀ yẹn kán. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Ó dún bí igi ìdáná tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́. Ẹṣin náà ṣubú lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò ní ọsibítù. Aṣọ kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, tí wọ́n ya lára ìró ìyá rẹ̀. Èmi ni mo tú u nígbà tó kú.”



“Láídì kò mọ̀ nípa ẹsẹ̀ yẹn,” ni Sùlèímánì wí. “Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Èyí kì í ṣe ti inú ìwé, Ìyá Kóredé.”

“Mo gbọ́, sà,” ni Hánà dáhùn. Òótọ́ inú rẹ̀ ló sì fi dáhùn. Títí ọkọ̀ fi gbé e délé, kò sí èrò mìíràn lọ́kàn rẹ̀ ju pé òun ó pa á mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó láti kọ ibi tí ẹṣin ti ṣubú, kò rí i kọ. Ó fi òkúta sójú ọ̀nà ẹṣin náà, kò dà bí òótọ́. Ó fi kòtò síbẹ̀, ó fi ejò síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà bí ìrù tí wọ́n fi ń darí ẹṣin. Ẹ̀rín àwọn ará rédíò tún ń dún létí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kọ ọ́ pé olùtọ́jú ẹṣin kan wọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ láàárọ̀, ó rí i pé ọ̀kan gbóná, kò sì sọ. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá yóò dára ni. Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tó fi kọ ọ́ tán, kò sì fagi lé ọ̀rọ̀ kan.

Ó yí orúkọ padà. Kàdúná di Sókótó. Ẹṣin pupa di dúdú. Ìsìmáílà di Gàrúbà. Ó fi dá ara rẹ̀ lójú pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà ní ọrùn ọwọ́, kò lè yọ ọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni omi bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ó ní kí Promise fi í ránṣẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, Báyọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Màmá,” ló wí, “níbo lẹ ti rí èyí?”

“Orí mi ni mo ti rò ó,” ni Hánà dáhùn.

Ní Sátidé tí wọ́n kà á, bí èèyàn mẹ́wàá ló jókòó sórí pákó níwájú ilé Dáfídì, rédíò wà láàárín. Inú Hánà dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Báyọ̀ dé ibi tí olùtọ́jú ẹṣin ti ní, “Ó dáa,” ohùn Sùlèímánì ni Hánà gbọ́. Ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ló jókòó sínú rédíò, tí gbogbo ayé ń gbọ́ ọ, tí kò sì mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun. Hánà dìde, ó ní òun ń lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ lórí iná. Ó dúró sínú ilé ìdáná títí wọ́n fi kà á tán, tó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ kó jáde wá gba ìkíni.

Lọ́jọ́ Ajé, Láídì sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní èbúté wa. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù Hánà rí. Ó kí i, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀wù ọmọdé kan tí Hánà ń rán lọ́wọ́.

“Mo ti dé láti Òkìtìpupa. Mo gbọ́ ìtàn rẹ lọ́jọ́ Sátidé,” ló wí.

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin yẹn, tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ gbóná, tí kò sọ. Ṣé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún ọ?”

Hánà lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ó lè dákẹ́ pàápàá. “Rárá, mà,” ló wí. “Orí mi ni mo ti rò ó.”

Láídì mi orí. Ó fi ẹ̀wù náà sílẹ̀.

“Aṣọ tó wà ní ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Orí rẹ náà ni?”



“Ìró ìyá wa ni,” ni Láídì wí. “Èmi ni mo ya á. Èmi ni mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fa apá ẹ̀wù bò ó, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù rí i kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ màmá ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ láyé mọ́ àyàfi èmi àti Bàbá Khalidat.”

Ó dìde. Ó ní ó dàbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá gba aṣọ tí kò tíì yá. Kò gbé ohùn sókè, kò bú u. Hánà jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, kò sì tẹ̀ ẹ́. Irọ́ tó pa yẹn ló ń dùn ún ju ìtàn náà lọ. Ó ti purọ́ lójúkojú fún obìnrin tó so aṣọ náà.

Ọjọ́bọ̀ kò fẹ́ dé, ó sì dé. Hánà lọ sí Òde Ugbò. Ìdajì ọ̀nà ló fi ń rò ó pé kí òun ní kí awakọ̀ yí padà. Sùlèímánì wà ní ìdí ọjà rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ló wí. “Òwú wo lẹ fẹ́?”

Ó tó ogún ọdún tí ọkùnrin yìí fi jù ú lọ, kò sì pè é ní ẹ̀yin rí. Hánà kúnlẹ̀ sórí pákó.

“Bàbá Khalidat, ẹ dárí jì mí.”

“Ẹ dìde. Oníbàárà ń bọ̀.”

Kò dìde. Oníbàárà náà ra àlùbọ́sà, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni Sùlèímánì tó jókòó.

“Ó bi mí, mo sì sọ ọ́ fún un,” ló wí. “Ó ti padà sọ́dọ̀ Khalidat. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè kó tó lọ. Ó ní ṣé nítorí ẹsẹ̀ ẹṣin ni mo ṣe fẹ́ òun.”

“Kí lẹ wá sọ?” ni Hánà wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Sùlèímánì wò ó. Hánà mọ ohùn tó fi béèrè. Ohùn kan náà ló fi bi í nípa èèrí ọkà àti gàárì. Ó tẹ orí ba, kò lè gbé e sókè mọ́.

“Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́,” ni Sùlèímánì wí nígbẹ̀yìn. “Bóyá ǹ bá má sọ ọ́ títí màá fi kú, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Ẹ máa lọ, kí ọkọ̀ má lọ fi yín sílẹ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyìn di ìyà fún Hánà. Nínú ọkọ̀, lọ́jà Ìgbọ́kọ̀dá, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn ń dá a dúró. Obìnrin kan láti Awoye di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ibi ẹsẹ̀ yẹn, mo sunkún. Ọlọ́run ló fún ọ lẹ́bùn yìí.” Hánà ní ó ṣeun, ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Báyọ̀ pè pé àwọn fẹ́ tún ìtàn náà kà nítorí àwọn olùgbọ́ ń béèrè rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

“Kí ló dé, mà?”

“Kì í ṣe tèmi,” ló wí. “Ẹnì kan ló fi pa mọ́ sí mi lọ́wọ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ.”

Báyọ̀ ní òun á yọ ọ́ kúrò. Kò béèrè ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ náà ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún Dáfídì. Dáfídì gbọ́ ọ tán kó tó dáhùn.

“Inú àwọ̀n ẹlòmíràn lo ti kó ẹja,” ló wí. Ó jẹ́ ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ lé èèyàn kúrò létí omi, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn, ó ní kó jẹun.

Ó tó oṣù méjì àtààbọ̀, ọdún Iléyá ti kọjá, kí Láídì tó padà sí Òde Ugbò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó rán awakọ̀ kan sí Hánà pé kó máa bọ̀, kó sì mú ìwé tó kọ ìtàn náà sí dání.

Hánà bá àwọn méjèèjì níwájú ilé. Láídì jókòó sórí ẹní, Sùlèímánì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àyè tó wà láàárín wọn tó kí ẹni mẹ́ta jókòó. Kò sí ẹni tó gbé kúnú jáde.

“Lórí rédíò, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀,” ni Láídì wí. “Mo jáde síta láàárín rẹ̀. Kà á fún mi.”

Hánà kúnlẹ̀ kà á. Ó ka ibi ibùso, ó ka ibi èèrí ọkà, ó ka ibi etí ẹṣin. Gbogbo ohun tó ti dà bí ọgbọ́n lójú rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ó wá ń rí ibi tó ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó dé ibi ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Ó ṣí ojú ewé náà bí ẹni tó fẹ́ fò ó.

“Kà á,” ni Láídì wí.

Ó kà á. Sùlèímánì ń wo ilẹ̀. Ó ka bí ẹṣin ṣe ṣubú, bí Gàrúbà ṣe ké igbe tí gbogbo pápá gbọ́.

“Kò ké,” ni Láídì wí.

Hánà dúró.

“Kò ké rárá. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e, ó ń béèrè ẹṣin. Ó ń ní, ‘Wálíkíyà ńkọ́?’ Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló béèrè.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni,” ni Sùlèímánì wí, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. “Ó tún béèrè ní ọsibítù. Mo ní ẹṣin náà wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ó ti kú.”

Láídì yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Hánà mọ̀ pé kò yẹ kí òun wà níbẹ̀, kò sì mọ bí òun ṣe lè dìde.

“Fi ìwé náà sílẹ̀,” ni Láídì wí fún un láìyí ojú padà.

Hánà gbé ìwé náà sórí ẹní, ó dìde, ó kí wọn. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Nígbà tó dé etí omi, ó gbọ́ tí Láídì ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, lédè Haúsá. Sùlèímánì ń dáhùn lédè kan náà.

Wọ́n ṣì jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tí wọ́n jọ sọ, Hánà kò mọ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láídì máa ń jẹ́ kíkí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é jókòó mọ́. Hánà ti tún ń kọ̀wé díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì fi ọ̀kankan ránṣẹ́ síbì kankan. Òwú rẹ̀, Òde Ugbò ló ṣì ti ń rà á, nítorí pé kíkọ̀ láti lọ dà bí sísá lójú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kan èbúté, yóò ti kọ àwọ̀ òwú tó fẹ́ sórí bébà kékeré, kó lè nà án sí Sùlèímánì láìbi í ní nǹkan kan, kó gba ọjà rẹ̀, kó sì bá ọkọ̀ kan náà padà.